Mọ́tò Bàbá kì í rìn, bátìrì kẹta rèé láàárín ọdún méjì, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àgbà ọlọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì ló gbé mi wá, ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀.

Bàbá mi wà ní Ọ̀mù-Àrán, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n ní Corolla 2008 kan tí wọ́n fẹ́ràn ju àwa ọmọ lọ, àmọ́ láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní oṣù karùn-ún 2023 yẹn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé e jáde mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan, ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì sí ilé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ó wá di pé bátìrì kì í lò pẹ́. Bátìrì kẹta láàárín ọdún méjì la wà yìí, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta bátìrì tuntun báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá a ní ìkómọ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, Màmá ti wé gèlè tán, Bàbá ti wọ agbádá, wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí a gbọ́ ni tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, bí ẹni ń fi èékánná ta páànù, iná dáṣíbọọ̀dù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Kí a tó rí ẹni tó ní wáyà jọ́mpà ládùúgbò, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ìrẹsì la bá níbẹ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá kì í fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ láìṣíná o. Lárààárọ̀, tí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á lọ ṣíná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á gbọ́ ìròyìn lórí Harmony FM, wọ́n á pa á, wọ́n á ní "ó ti gba ṣáájì". Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa yọ orí bátìrì, wọn ò gbà rárá. Wọ́n ní ìgbà tí mẹkáníìkì yọ ọ́ níjọ́sí, gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò tí wọ́n tò síbẹ̀ ló pa rẹ́, aago padà sí 1:00, òun ò lè tún un tò lọ́jọ́ ogbó.

Ṣé kí n ra ṣájà ni, àbí sólà, àbí kí n kàn gbà pé bátìrì ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́?


Rìwáyà_Gáréèjì · Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Ọmọ_Ọ̀mù, ẹ bá mi kí Bàbá o. Iṣẹ́ rìwáyà ni mo ń ṣe ní Gáréèjì Ọ̀fà níbí, n ò mọ̀wé kọ tó Bàbá, ẹ ṣáà bá mi mú un bó ṣe bọ́ sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ò gba bátìrì là. Ẹ wò ó, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkì (mọ́tò kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnì) máa ń fa iná tó tó 150, 200 áńpù, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì mẹ́ta ni, ìyẹn ò tó nǹkan, ọ́tánétọ̀ (èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí kó lè ṣáájì bátìrì) á dá a padà kíá. Ibi tí wàhálà wà ni wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 55 tó kù tí mọ́tò fi dúró. Mọ́tò tí ẹ pa ò sùn tán o. Aago ń ṣiṣẹ́, alámù ń ṣọ́lé, kọ̀ǹpútà ń mí, rédíò ń rántí Harmony FM Bàbá. Tí gbogbo wọn lápapọ̀ ò bá fà ju 0.05 áńpù lọ, kò lẹ́ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀: 0.05 lọ́nà wákàtí 24, ó di 1.2 áńpù-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì 60, ìyẹn èyí tó ń gba 60 áńpù-wákàtí tó bá yó, láàárín bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó ti dé ìdajì.

Ìdajì yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Bátìrì tó bá pẹ́ ní ìdajì, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ àwọn òjé pẹlẹbẹ inú ẹ̀, á gan mọ́ ọn, ṣáájì ò ní ríbi wọlé mọ́. Ẹ lè ki ṣájà bọ̀ ọ́ di ọ̀la, á sọ fún yín pé òun ti yó, òótọ́ ló sì yó, ikùn ẹ̀ ló ti kéré. Ìdí nìyẹn tí bátìrì fi ń ṣíná lónìí tí kò ní ṣíná lọ́la.

Tí ẹ́ńjìnì bá wá ń kùn jẹ́ẹ́ lójú kan, ọ́tánétọ̀ ò yí tó, ìwọ̀nba iná tó ń mú wá, rédíò mú díẹ̀, fáànù AC mú díẹ̀, kí ló kù fún bátìrì? Kí Bàbá gbé mọ́tò jáde ni. Ọ̀mù-Àrán sí Àjàṣẹ́ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju kí ó máa kùn nílẹ̀ láàárọ̀ méje lọ. Ẹ tún lọ wo ìdí sàlẹ́ńsà láàárọ̀, ẹ ó rí omi tó ń kán. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná dénú ò lè gbẹ omi yẹn, ńṣe ni sàlẹ́ńsà á máa dógùn-ún látinú wá.


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ epo Àjàṣẹ́ àti àbọ̀ lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ta ló máa rà á? Tí n bá sọ ọ́ fún Bàbá wọ́n á ní èmi ni.


Àǹtí_Tanke · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ìwọ náà ni o jàre, ta ló kù 😂

Èmi náà kì í wa mọ́tò mi tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń gùn kiri Tanke. Sípánà nọ́ńbà 10 kan wà nínú mọ́tò mi, òun nìkan ni ògùn tí mo ní. Tí mo bá ti mọ̀ pé n ò ní gbé e jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo yọ orí dúdú (èyí tó ní àmì −), mo fi àkísà gbígbẹ wé e kó má baà padà fara kan bátìrì, ó parí. Bátìrì yẹn ti ń lọ sí ọdún kẹrin.

Ẹ ṣọ́ra o, DÚDÚ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, dúdú náà ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn. Ọmọ àbúrò mi ló bẹ̀rẹ̀ látorí pupa níjọ́ kan, sípánà wà lọ́wọ́ ẹ̀ lórí pupa, ìdí sípánà lọ kan irin ara mọ́tò, pàá! iná ṣẹ́ bí iná wẹ́dà, sípánà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Torí pé dúdú ni wọ́n so mọ́ gbogbo ara mọ́tò, tí dúdú bá ti kúrò, tí sípánà orí pupa bá tiẹ̀ kan irin ara mọ́tò, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa san fún un ni pé aago á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gíláàsì ojú fèrèsé lè má fúnra ẹ̀ gòkè mọ́ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó rántí, ẹ́ńjìnì lè kùn ségesège fún ọjọ́ kan. Tí rédíò bá sì jẹ́ èyí tó ń béèrè kóòdù, bí i ti àwọn Honda kan, ẹ yáa mọ kóòdù yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan. Mọ́tò tí mo lò ṣáájú, ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi wà á láìgbọ́ rédíò.


Ọmọ_Ìjàkadì · Ọjọ́ Ajé, 12:47 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ṣebí ẹṣin leégún ilé yín, ẹ lọ ra ẹṣin. Ẹṣin ò ní bátìrì.

Àwa ní Ọ̀fà, tí mọ́tò ò bá ṣíná, a ó pe géńdé mẹ́rin, a ó tì í. Ó parí.


Rìwáyà_Gáréèjì · Ọjọ́ Ajé, 12:55 ọ̀sán

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ ò ṣì ní bá mọ́tò jìjàkadì. Corolla Bàbá, tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ tì í dé Èrìn-Ilé kò ní ṣíná. Jíà ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń tì.


Ọmọ_Ìjàkadì · Ọjọ́ Ajé, 12:58 ọ̀sán

Ọtomátíìkì kẹ̀? Mo jáwọ́ 🙌


Alfa_Ojú_Ẹkùn · Ọjọ́ Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Salaam aleikum. Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n WỌ̀N ÓN. Ọmọ_Ọ̀mù, ẹ lọ ra mítà kékeré tí àwọn rìwáyà ń lò, wọ́n ń tà á lọ́nà Taiwo, kò wọ́n. Kí mọ́tò ti dúró láti alẹ́ mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣíná, ẹ fi pupa kan pupa, dúdú kan dúdú. Tí ẹ bá rí 12.6 fóòtì (volt, agbára iná bátìrì) sókè, bátìrì yó. 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ìdajì ló kù. 12.0, ó ti ń kú lọ. Ẹ rí i bí ó ṣe súnmọ́ra? Láàárín ẹni tó yó àti ẹni tó ń kú, 0.6 fóòtì péré ni. Torí ẹ̀ ni ẹni tó bá ń fi ojú wo iná dáṣíbọọ̀dù ṣe máa ń tan ara ẹ̀.

Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òde o. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣáájì á pariwo pé 12.9, 13, irọ́ ni, orí ahọ́n ló wà, kò tíì dénú. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣíná, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí ẹ rí 13.8 sí 14.5. Tí kò bá gòkè kúrò ní 12, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ọ́tánétọ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Ìbéèrè mi kan rèé: bátìrì kan ń lo ọdún mélòó kí ọ̀rọ̀ ọdún méjì yìí tó bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ṣe sí mọ́tò náà ní ọdún méjì sẹ́yìn?


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Ajé, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Wa aleikum salaam Alfa. Tẹ́lẹ̀ bátìrì ń lò tó ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. A ò ṣe nǹkankan sí i o, mẹkáníìkì kan náà ni láti ọjọ́ yìí wá. Epo ló wọ́n, Bàbá ò wà á mọ́, òun náà ni mo rò pé ó fà á.


Ìyá_Ìbejì_Fate · Ọjọ́ Ajé, 9:11 alẹ́

Ẹ dákun ẹ lọ wo iná búùtù. Mo ń sọ fún yín. Ọdún tó kọjá, bátìrì mi ń kú ní gbogbo ọjọ́ kẹta, rìwáyà kan (kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n Gáréèjì) ti gba owó ọ́tánétọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ti gba owó kíkì, bátìrì ṣì ń kú. Àwọn ìbejì mi ń ṣe bojúbojú lálẹ́ ọjọ́ kan, èkejì bá wá bá mi pé "Mọ́mì, iná wà nínú mọ́tò". Mo jáde, n ò rí nǹkankan. Ó ní ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn. Mo tẹjú mọ́ ọn, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan, bí irun orí, ní etí búùtù.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ dájú? Mo tan fídíò fóònù mi, mo gbé fóònù sínú búùtù, mo dé e, mo ka ogún, mo ṣí i. Nígbà tí mo wo fídíò, iná yẹn ò kú rárá, ó ń wò mí kòrò. Bọ́tìnì kékeré tó yẹ kí ìdérí máa tẹ̀ ló ti há. Gílóòbù yẹn ò ju 5 wáàtì lọ, àmọ́ àbúrò mi tó mọ̀ nípa iná ní ó ń jẹ bí 0.4 áńpù, 10 áńpù-wákàtí lójúmọ́, ó sì lè mú bátìrì 45 kú pátá láàárín ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún.

Mo yọ gílóòbù. Mo gbàgbé wàhálà. Ẹni tó gba owó ọ́tánétọ̀ lọ́wọ́ mi ṣì wà níbẹ̀, a kì í kí ara wa.


Ọ̀gá_Sólà_Gáà_Akanbí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Òwò mi ni mo fẹ́ ṣe níbí o, àmọ́ òótọ́ ni màá sọ. Tí kò bá sí àǹfààní àtiwà á, tí iná ò sì dúró, sólà kékeré ló bá Ọ̀mù-Àrán mu. Pánẹ́ẹ̀lì 10 wáàtì ń mú bí 0.5 áńpù wá nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa. Ẹ má ka gbogbo ọ̀sán o, ẹ ka wákàtí mẹ́rin, ó ti di 2 áńpù-wákàtí, ìyẹn ti ju 1.2 tí ẹ̀gbọ́n Rìwáyà ṣírò lọ. 20 wáàtì ni kí ẹ rà kí ọkàn yín balẹ̀, torí kùrukùru àti ọyẹ́. Nínú oṣù kìíní, eruku ọyẹ́ lè bo ojú ẹ̀ bí àtíkè, ẹ fi aṣọ tútù nù ún.

Ohun méjì: ẹ má fi sí inú gíláàsì iwájú mọ́tò kí ẹ ní ó ń gba oòrùn, gíláàsì yẹn ń jẹ nínú ẹ̀, òrùlé ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí ni kí ẹ gbé e lọ. Ìkejì, kọ̀ǹtúróllà gbọ́dọ̀ wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní 12 fóòtì, 18 sí 20 fóòtì ló lè máa tì jáde tí oòrùn bá kan án, ẹ so ó lásán mọ́ bátìrì fún oṣù kan, á sè é bí ẹ̀wà.


Rìwáyà_Gáréèjì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣájà iná. Èyí onírin àtijọ́ tó wúwo bí ọlọ yẹn, kò mọ ìgbà tí bátìrì yó, ẹ ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn. Ṣájà tuntun tó ń fúnra ẹ̀ dín kù tí bátìrì bá yó, ìyẹn lẹ lè fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, níbi tí iná bá ti dúró. Bátìrì 60, 6 áńpù ti tó o, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi 20 ki í kó lè yá, bátìrì yín ló fẹ́ fi dáná. Kí ojú ibẹ̀ gba atẹ́gùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sìgá nítòsí ẹ̀, atẹ́gùn tó ń jáde nínú bátìrì tó ń gba ṣáájì lè bú gbàmù.

Tó bá jẹ́ èyí tó ní ìdérí mẹ́fà lórí, ẹ ṣí i wò, tí omi ò bá bo òjé mọ́, omi bátìrì ni kí ẹ rọ sí i. Kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe pọ́ọ̀wọ́tà.


Bàbá_Ọkọ̀_Akẹ́rù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má gbé bátìrì sórí símẹ́ńtì o. Símẹ́ńtì ń fa ṣáájì. Pákó ni kí wọ́n gbé e lé. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn ní 1986.


Alfa_Ojú_Ẹkùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ ọjọ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀gá yín kọ́ yín ní ohun tí ọ̀gá tiwọn kọ́ wọn ni. Láyé àtijọ́ inú àpótí igi àti rọ́bà ni wọ́n ń ṣe bátìrì sí, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tútù sì ń bá a fà á. Ike ni ti ìsinsìnyí. Ẹ gbé e sórí símẹ́ńtì, ẹ gbé e sórí ìtẹ́, iye tó máa dín kù náà ni. Ooru ló ń mú kó tètè dín kù: bí ooru bá fi 10 ìwọ̀n Celsius lé, ìdínkù yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní oṣù kẹta ní Ìlọrin, símẹ́ńtì abẹ́ ilé gan-an ló tutù jù.


Bàbá_Ọkọ̀_Akẹ́rù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:41 ọ̀sán

Mo gbọ́. Orí pákó ni èmi ó máa gbé tèmi lé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí ní Gánmọ̀. Mọ́tò kékeré kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bẹ onítípà pé kó fún òun ní iná. Onítípà ṣàánú ẹ̀, wọ́n so wáyà. Típà, 24 fóòtì ni. Mọ́tò kékeré, 12. Kò tíì yí kọ́kọ́rọ́ tán tí èéfín fi ń jáde lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ló jóná. Ẹ má gba iná lọ́wọ́ ọkọ̀ tó tóbi ju tiyín lọ láìbéèrè.


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Mo ti ra mítà. Mo ń lọ sílé ní Àbámẹ́ta. Mo ti sọ fún Bàbá lórí fóònù, wọ́n ní "ẹ má yọ nǹkankan kí n má baà tún máa wá rédíò kiri". Ẹ bá mi gbàdúrà.


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:37 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé, ẹ jókòó.

Mo ra wàrà fún Màmá lọ́nà kí ojú lè dúró dè mí. Mo dé ilé, Bàbá ò tíì ṣíná, mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo fi mítà kàn án: 12.08. Bátìrì tí a rà ní oṣù méje sẹ́yìn. A ṣíná (ó kùn bí ẹni tó ń jí lójú oorun àìsàn), 14.1, ọ́tánétọ̀ ò lẹ́ṣẹ̀. Mo ṣe fídíò inú búùtù bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, òkùnkùn biribiri, kò sí iná níbẹ̀.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n Rìwáyà lórí fóònù, wọ́n tọ́ mi sọ́nà: mo yọ orí dúdú, mo gbé wáyà pupa mítà lọ sí ihò 10 áńpù, mo fi mítà sí àárín orí dúdú àti bátìrì kí iná lè gba inú ẹ̀ kọjá. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tó bá wà bẹ́ẹ̀, mítà á jóná. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí, gbogbo ilẹ̀kùn tì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò Bàbá. Ó kọ́kọ́ fi 1.4 hàn. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, mọ́tò ń jí lọ́wọ́, kó sùn padà.

Bàbá gbé àga jáde sábẹ́ máńgòrò, wọ́n wọ díńgí, wọ́n ń wo mítà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ ọmọ ìdánwò. 1.4. Ó di 0.6. Ó di 0.32. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, 0.18, ó dúró síbẹ̀. Kò lọ, kò bọ̀. Mo ṣírò ẹ̀: ó lé ní 4 áńpù-wákàtí lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré, bátìrì 60 ti dé ìdajì. Láti Ìsinmi dé Ìsinmi!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Rédíò, 0.17. Iná inú, kò yí padà. Gbogbo ẹ̀, gbogbo ẹ̀, kò gbọ́. Òógùn ti bò mí. Bàbá bá dìde, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìdí orí pupa, wọ́n ní "wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi téèpù dúdú wé yìí ńkọ́, kí ni tiẹ̀?"

Mo wo wáyà yẹn. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka wọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó dé ibẹ̀.

Tráákà ni, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà.

ÈMI ni mo rà á. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ ìbí Bàbá, ìgbà yẹn ìròyìn mọ́tò tí wọ́n jí gbòde, mo ní kí ẹni tó tà á fún mi bá mi so ó ní Ìlọrin nígbà tí Bàbá wá kí mi, ó so ó tààrà mọ́ orí bátìrì láìgba inú fíúsì mọ́tò kankan. Mo gbàgbé pátápátá. Mo yọ ọ́, mítà bọ́ sí 0.03.

Alfa, ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ Ajé, mo ní a ò ṣe nǹkankan. Ẹ forí jì mí.


Rìwáyà_Gáréèjì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:52 alẹ́

Èmi náà tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bàbá. Mo ti dẹ́bi fún ìṣẹ́jú márùn-ún wọn kí n tó gbọ́ ẹjọ́ tán, ká ní wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá ni, bátìrì wọn ì bá ti kú ṣáájú. Tráákà tó dáa kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀ o. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá dúró níbi tí mọ́tò wà, ńṣe ló ń wá a kiri tọ̀sán tòru, ibẹ̀ ló ti ń jẹun.


Àǹtí_Tanke · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:04 alẹ́

Kí ni Bàbá wí??? Òun nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ 😂😂


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:20 alẹ́

Wọn ò kọ́kọ́ sọ nǹkankan. Wọ́n ní kí n ṣí áàpù ẹ̀ wò lórí fóònù. Mo ṣí i. Ọdún méjì gbáko, ojú kan náà. Ilé. Ilé. Ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé. Bàbá wò ó lọ títí, wọ́n bọ́ díńgí, wọ́n ní "Ṣé mọ́tò lo ń ṣọ́ ni, àbí èmi?"

N ò rí èsì fún wọn.


Ọmọ_Ìjàkadì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:26 alẹ́

Mo ti ṣubú lórí àga 🤣 ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Ìsinmi, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ kí n tó wọ mọ́tò Ìlọrin. Lánàá náà ni a gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń ṣáájì bátìrì, ó fi 6 áńpù sí i láti ọ̀sán títí alẹ́. Láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tó ti sinmi, 12.5. Alfa, mo mọ̀, kì í ṣe 12.6, ikùn ẹ̀ ti kéré díẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, àmọ́ ó ṣíná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Pẹ̀lú 0.03 yẹn, ó yẹ kó lé ní oṣù kan kó tó dé ìdajì. Bàbá gbà láti máa gbé e dé Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, epo jẹ́ tèmi (Àǹtí Tanke, ẹ rẹ́rìn-ín tán). Ọ̀gá Sólà, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tí owó oṣù bá wọlé, torí tí wọ́n bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá wọ́n ń lò tó oṣù méjì.

Rédíò ti pa rẹ́, dájúdájú. Wọ́n ò jẹ́ kí n lọ títí mo fi tún gbogbo ẹ̀ tò, Harmony FM lákọ̀ọ́kọ́, Radio Kwara ṣìkejì, wọ́n ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú ìwé. Mo kọ ọ́. Wọ́n fi bírò pupa ṣàtúnṣe àmì ohùn ẹ̀.


Ìyá_Ìbejì_Fate · Ọjọ́ Ìsinmi, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà lèyí o! Tráákà yẹn ńkọ́, ẹ fẹ́ tà á?


Ọmọ_Ọ̀mù · Ọjọ́ Ìsinmi, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Màmá ti gbà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ so ó mọ́ ọrùn òbúkọ àwọn tó máa ń sọnù.


Alfa_Ojú_Ẹkùn · Ọjọ́ Ìsinmi, 4:51 ìrọ̀lẹ́

Ẹ sọ fún Màmá pé òbúkọ náà á nílò bátìrì 12 fóòtì o.